Irin Tí Yóò Gbé Oníjó Dúró

Ẹ fa àga yín súnmọ́ ibí. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó bọ́ síwájú, ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó gbé e lé itan. Ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ẹkún, ẹ má wulẹ̀ wá aṣọ ìnujú kiri. Ìtàn ẹsẹ̀ ni, ìtàn irin ni, ìtàn búrẹ́dì sì ni pẹ̀lú. Ẹni tébi bá ń pa kó fara dà á díẹ̀, oúnjẹ wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníjó. Kì í ṣe pé ó ń jó o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ló kúrú ju ọ̀tún lọ, bí ìbú ìka mẹ́ta téèyàn pa pọ̀. Tó bá ti ń rìn, èjìká á lọ sókè, á tún wálẹ̀, bí ẹni tí orin ń wọ̀ lára tí kò tíì pinnu láti bọ́ sójú agbo. Àwọn ọmọ iléèwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti fi ṣẹ̀sín nígbà tó wà ní kékeré. Ó yíjú sí wọn, ó ní ẹni tó bá ń wòran kó yáa máa pàtẹ́wọ́, ìran ọ̀fẹ́ ti tán. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀sín ti di oyè.

Ilé búrẹ́dì ni ilé wọn. Ìsàlẹ̀ ni ààrò wà, òkè ni wọ́n ń sùn, àtẹ̀gùn onígi kan tó máa ń ráhùn bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ ló so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí Oníjó ṣì kéré, ó já bọ́ láti orí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì, eegun itan rẹ̀ sì dá níbi tí eegun ti ń dàgbà gan-an. Wọ́n tò ó, ó so pọ̀, àmọ́ ó gbàgbé láti máa gùn bí èkejì rẹ̀. Ó pẹ́ tí ọmọ náà fi dùbúlẹ̀ sí yàrá òkè. Á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ìyẹ̀fun mọ́ pátákó nísàlẹ̀, gbì, gbì, gbì, tí ìyá rẹ̀ ń fi orin gbè é, òun kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ọjọ́ tó dìde, ó ní yàtọ̀ sí oorun, òun àti ibùsùn ti parí ọ̀rọ̀.

Bó ṣe dàgbà, òun ló gba ìdí pátákó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Irọ́ gbuu ni. Ẹsẹ̀ ni. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni agbára ti ń gbéra, á gba itan, á gba ìbàdí, á gùn dé èjìká, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀ sí ọwọ́. Ẹni tí kò bá lè dúró kò lè pò ó. Pátákó yẹn ni Oníjó fi ń yangàn láyé. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì ni wọ́n ń wò.

Kó lè dúró déédéé, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwọn, máa ń kan ìtẹ́lẹ̀ gíga mọ́ bàtà òsì rẹ̀, awọ lórí awọ. Bàbá Oníbàtà ni wọ́n ń pè é. Ẹlẹ́nu ni. Á ní gbogbo ayé ló ń wọ bàtà, Oníjó nìkan ló ń gun bàtà.

Àmọ́ ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tó yá, tó bá po ìyẹ̀fun tán, á di etí pátákó mú, á máa mí. Ìyá rẹ̀ rí i, kò jẹ́ kó jiyàn, òun àti bàbá ọmọ náà fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ya fọ́tò eegun, ó gbé e síwájú iná, ó sì fi han ìyá, bàbá àti ọmọ bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba. Ó ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún díẹ̀ ló kù tí Oníjó á tún lè máa dúró nídìí pátákó. Àmọ́ oògùn rẹ̀ wà: àwọn á gé eegun itan náà, àwọn á fi irin dì í mú, irin á máa nà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ara fúnra rẹ̀ á sì máa fi eegun tuntun dí àlàfo náà.

Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá ara mọ iṣẹ́ yẹn lóòótọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí wọn ò bá kánjú, ara mọ̀ ọ́n.

Ó wá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó kó irin mẹ́ta lé e, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n. Àkọ́kọ́ dà bí àgò ẹyẹ. Ìta ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ á wá gba inú ẹran kọjá lọ di eegun mú. Bàbá Oníjó, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ààrò, fẹ́ràn ìyẹn. Ó ní èyí tójú òun tó ni òun fẹ́, òun kì í fi búrẹ́dì sínú ààrò tí òun ò lè yọjú wò.

Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, inú eegun ló sì ń gbé. Ìyá rẹ̀ mú un, ó yí i lórí tábìlì bí igi tó fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun, ó ní ọwọ́ òun gbà á. Dókítà ní irin gidi ni, àmọ́ kì í gba ìtẹ̀. Ẹni tó bá ní in lára kò gbọdọ̀ gbára lé ẹsẹ̀ yẹn títí eegun tuntun á fi le. Àga onítáyà àti ọ̀pá abẹ́ abíyá ló máa lò, ó sì lè tó ọdún kan.

Oníjó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó wo irin kẹta tó kù sórí aṣọ, èyí tó ki jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà," ó ní, "èwo ni mo lè dúró lé?"

"Ìyẹn tó o ń wò yẹn," ni dókítà wí. Ó ní inú eegun lòun náà ń gbé, àmọ́ wọ́n rọ ọ́ lọ́nà tí èèyàn á fi lè máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń nà lọ. Pẹ̀lú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, Oníjó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ara bá sì gbà, ó lè dúró nídìí pátákó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Oníjó mú irin náà. Ó gbé e sétí, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀ kó, kó, kó, bó ṣe máa ń kan ìdí búrẹ́dì láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti jinná. Ó tẹ́tí sí i títí.

"Èyí jinná," ó ní.

Bí wọ́n ṣe yan irin nìyẹn. Àmọ́ dókítà fi ọ̀rọ̀ kan sí i, ó sì sọ ọ́ kedere: irin tó ń gbé èèyàn ní òdiwọ̀n tó lè gbé. Bí ìwúwo ẹni bá kọjá rẹ̀, irin lè tẹ̀ nínú eegun. Oníjó ò tíì kan òdiwọ̀n náà, àmọ́ kò jìnnà sí i. Kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, ohun tí òṣùwọ̀n bá sì sọ ni wọ́n á fi ránṣẹ́ ra irin. Oníjó gbọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ìyá rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ní wọ́n fẹ́ gé eegun ọmọ òun, kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ mọ bí inú ìyá ṣe rí. Ẹni tó ń lọ ìrìn àjò kì í fi ikùn òfìfo lọ, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Wọn ò tíì délé tó ti ń ṣètò. Láàárọ̀, búrẹ́dì tó fi bọ́tà pa níwájú pa lẹ́yìn, ẹyin mẹ́ta, mílíìkì tó nípọn. Lọ́sàn-án, ohun tó ju ti àárọ̀ lọ. Orin ló fi ń gbé e bọ̀ láti ìdí ààrò:

Jẹ ẹ́ o, ọmọ mi, jẹ ẹ́,
Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú ẹyin,
Agbára ń bẹ nínú bọ́tà,
Jẹ ẹ́ o, kó má bàa rẹ̀ ọ́ lọ́nà.

Bàbá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n pẹ̀lú etí ara rẹ̀ ń fi búrẹ́dì oníṣúgà pamọ́ sábẹ́ aṣọ nídìí pátákó fún ọmọ rẹ̀, ó ní ẹyọ kan kò lè ṣe nǹkan. Bàbá Oníbàtà ń ra àkàrà òyìnbó wọlé. Àwọn oníbàárà tó gbọ́ ń gbé ọbẹ̀ wá. Oníjó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nílé yẹn, ẹni tó bá kọ oúnjẹ dà bí ẹni tó bú èèyàn. Ó ń jẹ ẹ́. Ó tún dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí síìpù síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ̀ tí kò pa dé, ó ní aṣọ náà ló súnkì nínú omi.

Oṣù pé, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Oníjó gun òṣùwọ̀n. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gùn ún. Ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i tó sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti kọjá òdiwọ̀n, kì í sì ṣe díẹ̀. Pẹ̀lú ìwúwo yìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti àga onítáyà ló kù, tàbí àgò.

Oníjó jókòó. Kò sunkún. Àmọ́ ìyá rẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí àga, ó ń pò ó, ó ń pò ó bí ìyẹ̀fun. Ó mọ̀ pé ọkàn ọmọ òun ti padà sí yàrá òkè yẹn, ó ń tẹ́tí sí pátákó tí ẹlòmíràn ń lù.

"Dókítà, ẹ má bá a wí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ni. Èmi ni mo fi gbogbo búrẹ́dì yẹn sí i lára. Mo rò pé mò ń fi agbára sí i ni."

Dókítà wo ìyá, ó wo bàbá tó ti ń wo àjà, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun kò lè bẹ irin, irin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, àmọ́ òun lè dúró dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ó ní Oníjó kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀ o, nítorí eegun tuntun kì í hù lára ẹni tí ebi ń pa. Ẹja, ẹ̀wà, ẹyin kan, ẹ̀fọ́, èso, kó máa jẹ wọ́n yó. Bọ́tà, ṣúgà àti búrẹ́dì rírọ̀ ni kó fi sílẹ̀ ná.

Ẹ gbọ́ o: wọ́n ní kí ọmọ alábúrẹ́dì má jẹ búrẹ́dì! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹja má mu omi.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Ó ní ohun tí ọmọ bá ń jẹ ni gbogbo ilé máa jẹ. Bàbá Oníbàtà béèrè bóyá ilé tòun wà lára gbogbo ilé. Wọ́n ní ó wà. Ó kẹ́dùn, ó ní bí wọ́n ṣe ń gba ẹni sínú ẹbí náà nìyẹn, níjọ́ ìyà.

Ìyá ni nǹkan le fún jù. Orí rẹ̀ gbà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Ọwọ́ yẹn ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gé búrẹ́dì fún ẹni tó bá fẹ́ràn. Bí Oníjó bá kọjá, ọwọ́ á ti gé e, á ti fi bọ́tà pa á, á ti nà án, kí orí tó rántí. Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n kan: bí ọwọ́ bá ti gbéra báyìí, á figbe orin bọnu, á sì yí búrẹ́dì náà sọ́dọ̀ oníbàárà tó bá wà nítòsí:

Ọwọ́ mi, yà o, ọwọ́ mi, yà,
Má gba ọ̀nà yẹn lọ mọ́,
Búrẹ́dì tó fẹ́ dé ẹnu ọmọ mi
Kó yà sílé aládùúgbò.

Kò pẹ́ tí àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Bí orin bá ti ta, ẹ ó rí àgbàlagbà tó ń sáré bọ̀, tó ń ṣe bí ẹni pé ó kàn ń kọjá lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń bẹ Oníjó pé kó máa rìn níwájú ìyá rẹ̀ léraléra.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo ń lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó búrẹ́dì jáde, èéfín ṣì ń ti ara rẹ̀ yọ, Oníjó nìkan ló wà nídìí pátákó. Láti òwúrọ̀ ló ti ń po ohun tí kò lè fi kan ẹnu. Ó mú ọ̀kan, ó gé ìdí rẹ̀ tó gan, tó sì pọ́n, ìyẹn ibi tó fẹ́ràn jù. Ó ti gbé e dé ẹnu nígbà tó gbójú sókè tó rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá kò bá a wí. Ó fa àpótí, ó jókòó tì í, ó rọra gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí etí ọmọ, ó sì kàn án, kó, kó, kó.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ó ní. "Ó ń pè ọ́. Sọ fún un pé ò ń bọ̀."

Oníjó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí búrẹ́dì náà, ó ní, "Mò ń bọ̀, ọkọ mi, dúró dè mí." Ó gbé e kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún nira fún un tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ òṣùwọ̀n kejì, gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e, títí kan Bàbá Oníbàtà. Oníjó bọ́ yẹtí. Ó tú gèlè. Bàbá Oníbàtà pariwo pé kó bọ́ bàtà òsì o, bàtà tí òun kàn yẹn nìkan tó ọmọ ọwọ́ kan. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá a gùn ún, kẹ́rù má bà á. Wọ́n fa ìyá sẹ́yìn. Oníjó gùn ún, ó dijú. 

Dókítà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín ni Oníjó kọ́kọ́ gbọ́.

"Ó wọlé," ni dókítà wí. "Ó wọ abẹ́ òdiwọ̀n, àyè díẹ̀ tún ṣẹ́ kù."

Wọ́n ránṣẹ́ ra irin, irin dé, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì yọrí sí rere. Nígbà tí dókítà ní kó dìde, Oníjó di ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lélẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Irin gbà á. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Irin ní kó máa bọ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́.

Kì í ṣe pé kò dùn ún. Ó dùn ún. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ olóòfà kan sí ìta itan rẹ̀, irin inú á gbọ́ ìpè rẹ̀, á nà díẹ̀ tójú kò lè rí. Ẹran ara tí kò fẹ́ nà á máa ráhùn bí àtẹ̀gùn ilé wọn. Obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ fífa ẹsẹ̀ ń wá fà á fún un, Oníjó sì ń fi orin ìyá rẹ̀ pa ìrora. Àmọ́ ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá níwájú, bàbá lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́, igi àtẹ̀gùn kan tẹ̀ lé òmíràn, á sọ̀ dé ìdí pátákó, á dúró tì í, á po ìwọ̀nba tí dókítà gbà á láyè láti pò. Gbì, gbì. Lọ́jọ́ tí ìró yẹn kọ́kọ́ dún, ìyá rẹ̀ gbàgbé búrẹ́dì sínú ààrò, ó jóná. Kò sẹ́ni tó bínú.

Bàbá Oníbàtà náà rí iṣẹ́ tuntun. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń gùn, ìtẹ́lẹ̀ gíga kò gbọdọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbàkigbà tí dókítà bá ti wọn ẹsẹ̀, Bàbá Oníbàtà á gba bàtà, á yọ awọ kan kúrò nídìí rẹ̀, á sì kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wo awọ tó ń pọ̀ lára ilẹ̀kùn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń rán bàtà, iṣẹ́ títú kò pa òun lẹ́rìn-ín rí àfi èyí.

Nígbà tó yọ awọ tó kẹ́yìn, bàtà méjèèjì dọ́gba. Ó gbé wọn sórí tábìlì, ó fi ojú kan wò wọ́n, ó ní òfò dé, oníbàárà òun tó dára jù ti lọ.

Wọ́n dúró títí eegun tuntun fi le. Dókítà gbé fọ́tò sí iwájú iná. Àlàfo ti dí. Ó ní kó ju ọ̀pá nù. Ó yíjú sí ìyá, ó ní, "Ìyá, ẹ lè fún un ní búrẹ́dì báyìí. Búrẹ́dì o, mi ò ní kẹ́ ẹ fún un ní gbogbo ààrò."

Lọ́jọ́ kejì, ilé búrẹ́dì kò tajà. Wọ́n tẹ́ tábìlì gùn láti ìdí ààrò dé ojú pópó, wọ́n sì pe àdúgbò àti dókítà. Oníjó fúnra rẹ̀ ló po ìyẹ̀fun, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ. Agbára gbéra láti ilẹ̀, ó gba itan méjèèjì lọ́gbọọgba, ó gòkè wá sí ọwọ́. Bàbá rẹ̀ kó búrẹ́dì jáde, ó kan ìdí rẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan itan ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tẹ́tí sí ìyẹn náà.

"Méjèèjì ló jinná," ó ní.

Ìyá gé ìdí búrẹ́dì, ibi tó gan, tó sì pọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra. Àwọn aládùúgbò súnmọ́ ọn nítorí àṣà, wọ́n ń dúró de orin. Kò kọrin. Ọwọ́ kò yà. Ó lọ tààrà sẹ́nu ọmọ rẹ̀, Oníjó sì jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ pa dé.

Ẹnì kan béèrè orúkọ tí wọ́n á wá máa pè é báyìí tí èjìká rẹ̀ kò lọ sókè mọ́. Oníjó nu ẹnu rẹ̀. Ó wo dókítà, dókítà mi orí pé ó lè ṣe é díẹ̀. Ló bá bọ́ sí àárín tábìlì àti ààrò, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó gbé ọ̀tún, ó sì jó, ijó gidi.

"Ẹ pàtẹ́wọ́," ó ní. "Ìran ọ̀fẹ́ ti tán."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbe orin ìyá, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Dókítà tó ní kí wọ́n má jẹ bọ́tà lẹ́ẹ̀kan rí jẹ ẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí oòrùn rọ̀, olúkúlùkù gbé búrẹ́dì kan sábíyá, ó ṣì gbóná, wọ́n sì gba ilé wọn lọ pẹ̀lú ikùn tó kún àti ọkàn tó balẹ̀. Bàbá Oníbàtà ló kẹ́yìn wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fọwọ́ pa àwọn awọ ara ilẹ̀kùn, ó bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ, ó sì wọlé lọ sùn.